Àdúrà Fíríìdọ̀mù Bàṣírát

Ọdún kejì tí wọ́n yí orúkọ Bathurst padà sí Banjul ni Yusupha, tíṣà Bàṣírát, wọ ṣọ́ọ̀bù Àjàgbé, bàbá ọmọ náà, ní àdúgbò Campama. Ó ní ilé ìwé àwọn ti bẹ̀rẹ̀ ètò tuntun: ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò mú iṣẹ́ tí ọkàn rẹ̀ fẹ́, yóò máa lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọ iṣẹ́ náà lọ́jọ́ méjì lọ́sẹ̀, yóò sì fi ohun tó bá kọ́ níbẹ̀ ṣe iṣẹ́ ara rẹ̀ wá hàn nílé ìwé níparí ètò náà. Bàṣírát ti mú tiẹ̀. Ọ̀dọ̀ Babucarr tó ń kan ọkọ̀ ojú omi létí òkun ló fẹ́ lọ.

Àjàgbé rẹ́rìn-ín, ó dúpẹ́, ó fún tíṣà ní mínírà. Bí tíṣà ti yíjú báyìí, ó jókòó ti abọ́ tánganran tó ń tà, ọkàn rẹ̀ bàjẹ́ pátápátá. Ṣé ẹ rí i, ọmọ Ọ̀fà ni. Níbi tó ti dàgbà, ọmọ tí ìwé bá yé, ìwé ló ń kà. Èyí tí ìwé bá kọ̀, òun ni wọ́n ń mú lọ kọ́ṣẹ́. Kò tíì gbọ́ ẹni tó ń ṣe méjèèjì pọ̀ rí.

"Wọ́n ti lé ọmọ mi," ó wí fún Kàfáyàt ìyàwó rẹ̀. "Wọ́n kàn ń fọgbọ́n sọ ọ́ ni."

"Ṣebí ó ṣì ń lọ lọ́jọ́ mẹ́ta yòókù, Bàbá Bàṣírát?"

"Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń já a lẹ́nu ọmú!"

Bàṣírát ṣàlàyé, ó kúnlẹ̀ ṣàlàyé, bàbá ní kó má tan òun jẹ. Kàfáyàt ní kó lọ bi tíṣà. Láéláé! Ṣé kóun lọ fi etí ara òun gbọ́ pé olódo lọmọ òun ni? Ó dùn ún o, ẹ má tan ara yín jẹ. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ A yàtọ̀ sí igi àjà, ọmọ yìí nìkan ló fojú sí.

Ṣùgbọ́n alágídí ni bàbá náà. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ náà ni, ọmọ òun á kọ́ ọ yanjú. Ó ra ayùn, ó ra òòlù, ó pa àgọ́ síwájú ṣọ́ọ̀bù. Ó ní bí ilé ìwé bá ti wo iṣẹ́ àwọn ọmọ tán báyìí, Bàṣírát ò tún padà síbẹ̀ mọ́, inú àgọ́ ni yóò ti máa gbẹ́gi. Ẹkún ni ọmọ náà sun mọ́jú.

Ọjọ́ tí ilé ìwé fẹ́ wo iṣẹ́ àwọn ọmọ pé. Bàṣírát gbé ọkọ̀ kékeré tó fọwọ́ ara rẹ̀ kàn sínú báàfù omi, ó ń to òkúta sí i, ó ń ṣàlàyé ìdí tí ọkọ̀ fi ń dojú dé bí ẹrù bá pọ̀ lápá kan. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Kó tó jókòó, Àjàgbé ti dìde pẹ̀lú agbádá ńlá, àwọn ará ìlú rẹ̀ gbé kéèsì mínírà tẹ̀ lé e. Ó gbé obì síwájú Babucarr tó wá wo iṣẹ́ ọmọ náà.

"Ọ̀gá," ó fi Wolof ọjà tó gbọ́ wí, "ẹ ṣeun. Ẹ gbàdúrà fún un, kẹ́ ẹ fún un ní fíríìdọ̀mù. Nílùú wa, ọmọṣẹ́ kì í parí iṣẹ́ kó kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá láìgbàdúrà."

"Ta ló sọ pé ó ti parí?" Babucarr fẹ́rẹ̀ẹ́ bínú. "Ọmọ tó ń bi mí ní ohun tí èmi àti bàbá mi ò bi ara wa rí! Mo mú un lọ bá ẹnjiníà ní èbúté, ìyẹn ní kó kọ́ ìṣirò sí i, kó padà wá. Ibo ni ẹ fẹ́ gbé e lọ?"

"Òun ló gba ipò kìíní nínú ìṣirò," Yusupha wí.

Àjàgbé yíjú sí tíṣà. "Ẹ ò lé e?"

"Wọn ò lé mi, Bàbá!" Bàṣírát pariwo. "Ṣebí mo ti ń wí!"

Háà! Bàbá bú sẹ́kún lójú gbogbo èrò, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, agbádá ló fi ń nu imú. Kàfáyàt ní kó má ba aṣọ jẹ́.

Ṣùgbọ́n obì ti dé ilẹ̀, ta ni yóò gbé e padà sílé? Babucarr là á, ó gbé ọwọ́ lé Bàṣírát lórí.

"Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó rí fíríìdọ̀mù gbà bọ̀rọ̀," ó wí. "Kó pẹ́ nílé ìwé, kó pẹ́ lọ́dọ̀ mi."

Àmín tí Àjàgbé ṣe, wọ́n gbọ́ ọ dé ojú títì.