Ẹ̀rù Kì Í Ṣe Àrùn Ìdílé

Kí àwọn ẹbí Jùwọ́n, àfẹ́sọ́nà mi, tó dé ló ti ń bẹ̀ mí. Ó ní bí wọ́n bá bi mí nípa oògùn, kí n ní mo ti ṣíwọ́. Èmi tí mò ń na ọmọ ọlọ́mọ nítorí irọ́!

Gbogbo Òkè-Ìlá ló mọ ohun tó ṣe mí. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, bí mo ṣe ń ti Ìyìn-Èkìtì bọ̀, níbi tí mo ti ń ṣe tíṣà, àwọn ajínigbé dá ọkọ̀ wa dúró. Ọjọ́ mẹ́fà ni mo lò nínú igbó. Mo jáde, ṣùgbọ́n ẹ̀rù kò jáde lára mi. Bí ilẹ̀kùn bá pa dé gbàà, abẹ́ tábìlì ni màá bá ara mi, níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Ó tì mí lójú títí ìtìjú fi sú mi.

Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà kí àwọn olùwádìí kan l'Ádó dán oògùn wò lára mi. Ara àjó ni wọ́n ti yọ ọ́, ata ilẹ̀ pupa yẹn. Wọ́n ní ẹ̀rù ńlá kì í yí ohun tí a bí mọ́ni padà. Ó kàn lè pa iná ibì kan nínú ara ni, bí ẹni pa iná yàrá. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá àjó lè bá wọn tàn án padà. Wọn kò tíì mọ̀. Ó tilẹ̀ lè jẹ́ ìyẹ̀fun lásán ló wà nínú tèmi, torí wọ́n ń fún àwọn kan ní ìyẹn kí wọ́n lè fi wọ́n wé àwọn tó ń lo oògùn gan-an. Wọn ò fi ìyẹn pamọ́ fún mi.

Nígbà tí àwọn àna jókòó tán, mo kúnlẹ̀ gbé omi fún wọn, bí àfẹ́sọ́nà ti ń ṣe. Màmá Bísí, ẹ̀gbọ́n bàbá Jùwọ́n, kò gba ife.

“Mo gbọ́ lórí rédíò pé irú ẹ̀rù yẹn máa ń wọnú ẹ̀jẹ̀, á sì ran ọmọ. A ti wádìí ìdílé yín: kò sí wèrè, kò sí wárápá. Kí ló dé tí ẹ fẹ́ gbé èyí wọ ulé wa?”

Bàbá mi wolẹ̀. Jùwọ́n ṣẹ́jú sí mi.

“Dùnmínínú ti ṣíwọ́ oògùn, Màmá,” ló wí. “Ara rẹ̀ ti dá.”

Inú bí mi dé góńgó. Aago mẹ́rin ti lù, àkókò oògùn mi nìyẹn. Mo ṣí báàgì mi, mo yọ hóró kan, mo sì fi omi tí Màmá kọ̀ gbé e mì lórí ìkúnlẹ̀ tí mo wà.

“Mi ò tíì ṣíwọ́, mà. Ara mi ò sì tíì dá tán. Àwọn tó jí mi gbé ló yẹ kí ẹ wádìí ìdílé wọn.”

Màmá dìde, ó tún ìró ró. “Jùwọ́n, ó yá.”

Jùwọ́n wò mí, ó wo Màmá, ó sì bá wọn lọ. Ó dùn mí, mi ò ní parọ́. Mo sunkún.

Bàbá mi fa àga tí Màmá Bísí dìde lórí rẹ̀ sọ́dọ̀ mi.

“Wọ́n ti lọ, ọmọ mi,” ni wọ́n wí. “Ta lo tún ń kúnlẹ̀ fún? Dìde, wá jókòó.”