Ohun Tí Einar Kò Gbàgbọ́

Ní òkè Halden, ní Wisconsin, a kì í yin ènìyàn. Kì í ṣe pé inú wa burú, bí wọ́n ṣe tọ́ wa ni. Bí obìnrin kan bá se oúnjẹ tí gbogbo ìjọ jẹ, tí wọ́n fi ìka nu àwo, ọ̀rọ̀ tí yóò gbọ́ kò ju "Kò burú" lọ, yóò sì gbé e sọ́kàn títí ìkórè mìíràn yóò fi dé. Ẹni tó bá sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, a ó máa wò ó bíi pé ó fẹ́ yá nǹkan.

Nínú ìwà yìí, Einar Tollefsrud ni ọ̀gá. Màlúù ló ń sìn fún wàrà, bí bàbá rẹ̀ ti ṣe kó tó kú. Nígbà tí Alma ìyàwó rẹ̀ jáde láyé, pásítọ̀ sọ̀rọ̀ gígùn lórí pósí, ó fi obìnrin náà wé áńgẹ́lì. Einar bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ní, "Ẹ ṣeun," ó sì lọ sílé lọ fún wàrà, nítorí màlúù kò mọ ọ̀fọ̀. Láti ọjọ́ náà kò dárúkọ Alma mọ́. Lorna, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, kò dárúkọ rẹ̀ náà. Àwọn méjèèjì wá ń rìn nínú ilé bí ẹni tó ń yẹra fún àga kan tí kò sí níbẹ̀.

Lorna wà ní ọdún tó kẹ́yìn ní ilé ìwé girama. Míìsì Brandvold ló ń kọ́ wọn ní lítíréṣọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, obìnrin gíga tín-ín-rín tó máa ń wọ súwẹ́tà aláwọ̀ eérú kan náà láti ìgbà ìkórè títí yìnyín yóò fi yọ́. Wọ́n á ka ìwé ẹni tó kọ nípa odò ìlú rẹ̀, wọ́n á ka ti ẹni tó kọ nípa ogun, nígbà tó bá sì di òpin ọ̀sẹ̀, Míìsì á pa ìwé dé, á ní, "Ó yá, ẹ lọ kọ tiyín." Ojú ewé kan péré. Ṣùgbọ́n òfin kan wà níbẹ̀: ẹni tó kọ ọ́ gbọ́dọ̀ kà á sókè fún ẹnì kan nílé, ẹni náà á kọ ohun kan tí kò gbàgbọ́ nínú rẹ̀ sí ìsàlẹ̀, á sì buwọ́ lù ú. Bí kò bá sí ìbuwọ́lù, kò sí máàkì.

"Míìsì, kí ló dé tí ẹ ò ní kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n fẹ́ràn?" Marlys Quamme ló béèrè, ọ̀rẹ́ Lorna tí wọ́n jọ ń jókòó.

"Ní òkè yìí?" ni Míìsì wí. "Kò sẹ́ni tó máa kọ nǹkan kan."

Marlys kò jẹ́ kí òfin náà yọ òun lẹ́nu. Òun fúnra rẹ̀ ló ń fi orúkọ ìyá rẹ̀ buwọ́ lùwé. Ó sọ fún Lorna pé, "Ó ti pẹ́ tí màmá mi ti ń bá mi jiyàn lórí ìwé yìí. Òun ni kò kàn tíì mọ̀."

Lorna kò ní ẹlòmíràn ju bàbá rẹ̀ lọ, bàbá náà sì rèé, bó bá ti jẹun alẹ́ tán, orí àga ni oorun ti ń gbé e. Ibi kan ṣoṣo tí ojú rẹ̀ ti máa ń là dáadáa ni ilé màlúù. Ibẹ̀ ni Lorna mú ìwé lọ nígbà àkọ́kọ́.

"Kí nìyẹn?"

"Iṣẹ́ àṣetiléwá ni, Bàbá. Wọ́n ní kí ẹ gbọ́ ọ."

"Ṣé màlúù á wá dúró ni?"

"Rárá, ẹ máa báṣẹ́ yín lọ."

"Kígbe kà á nígbà náà. Ẹ̀rọ yìí ò mọ̀ pé ìwé lò ń kà."

Ẹ̀rọ ìfúnwàrà ń hó lóòótọ́. Lorna kígbe kà á. Ó ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn adìẹ ń kọrin ayọ̀ nínú yìnyín ní àfẹ̀mọ́júmọ́. Bàbá rẹ̀ yọ kúkúté pẹ́ńsù tó fi ń kọ ọjọ́ ìbí ọmọ màlúù sára ògiri, ó kọ ọ́ sísàlẹ̀: "Adìẹ ò kọrin nínú otútù. Ẹ wá wò wọ́n." Ó buwọ́ lù ú. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ó kọ pé: "Kò sẹ́ni tí í gbé garawa tó kún sáré." Inú bí Lorna. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo nǹkan ní àwòfín kí ó tó kọ ọ́, kí bàbá rẹ̀ má baà rí ibi tí yóò dì mú. Ó ń gé gbólóhùn kúrú, nítorí èyí tó bá gùn, ẹ̀rọ á gbé e mì. Kí yìnyín tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, ọ̀rọ̀ náà ti di ìjàkadì láàárín àwọn méjèèjì.

"Irọ́ kan wà níbẹ̀," Einar á wí, á máa yí orí. "Mo máa rí i." Nígbà mìíràn ó máa ń béèrè kí ọjọ́ tó pé pàápàá: "Ṣé Míìsì yín ò tíì fún yín níṣẹ́ ni?"

Oṣù karùn-ún ni iṣẹ́ tó kẹ́yìn wá. Míìsì ní, "Ẹ kọ nípa ẹnì kan tí kò sí lọ́dọ̀ yín mọ́." Ìdajì máàkì ọdún ló wà lórí rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní La Crosse ti gba Lorna, bó bá yege. Bí èyí bá bọ́, La Crosse bọ́ nìyẹn, kò sì ní bá ẹgbẹ́ rẹ̀ wọ aṣọ ìjáde ní oṣù kẹfà.

Ó kọ nípa ìyá rẹ̀. Ó kọ pé ohùn rẹ̀ dà bí ti àdàbà, pé kò bínú rí, pé ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ bí òwú, pé búrẹ́dì rẹ̀ ń ta sánsán ju oyin lọ. Nígbà tó kọ ọ́ tán, òun fúnra rẹ̀ sunkún. Ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣíwájú ọjọ́ tí wọ́n máa gbà á, ó kà á ní ilé màlúù. Bàbá rẹ̀ ń gbé ẹ̀rọ láti ara màlúù kan sí òmíràn, kò wẹ̀yìn. Nígbà tí Lorna kà á tán, Einar pa ẹ̀rọ náà, ohun tí kò ṣe rí láàárín iṣẹ́.

"Èwo lẹ ò gbàgbọ́?"

"Gbogbo ẹ̀."

"Bàbá, ẹ mú ẹyọ kan."

"Mi ò lè mú ẹyọ kan. Mi ò mọ obìnrin yìí."

"Ọ̀la ni wọ́n ń gbà á."

"Mo gbọ́."

"Ẹ ṣáà buwọ́ lù ú, ẹ jọ̀ọ́."

Ó dá ìwé náà padà fún un, ó sì tan ẹ̀rọ. Lorna wọlé lọ láìjẹun. Lójú tirẹ̀, ṣe ni bàbá òun kò fẹ́ gbọ́ orúkọ ìyá òun, kódà bí yóò ba ọjọ́ ọ̀la òun jẹ́.

Ní òwúrọ̀, ó lọ bá a ṣiṣẹ́ bó ṣe máa ń ṣe, kò kí i ju bó ti yẹ lọ. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ parí kí Einar tó sọ̀rọ̀, ẹ̀yìn màlúù ló sì kọjú sí.

"Ó ju bàtà lu pásítọ̀."

"Ta ni?"

"Ìyá rẹ. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ nulẹ̀ tán. Ó ní kí pásítọ̀ bọ́ bàtà ẹrẹ̀. Ó bọ́ ọ lóòótọ́, àmọ́ àárín ilẹ̀ náà ló gbé e lé."

"Pásítọ̀ tó sọ̀rọ̀ lórí pósí wọn?"

"Òun náà. Ó gbàgbé láti mẹ́nu bà á."

Lorna rẹ́rìn-ín kó tó mọ̀. Einar tún sọ pé búrẹ́dì Alma kì í ṣàì jó nídìí. Ojú fèrèsé ló ti ń fi ọ̀bẹ ha á. "Bí mo bá ti gbọ́ krá-krá-krá láti ibí, mo mọ̀ pé oúnjẹ ti dé. Èmi ò ní aago." Ọwọ́ Alma sì máa ń là bí èèpo igi, òróró tí wọ́n fi ń pa ọmú màlúù ló fi ń pa á.

"Òórùn rẹ̀ ni wọ́n máa ń gbé lọ ṣọ́ọ̀ṣì," ni Lorna wí.

"Òórùn rẹ̀ ló máa ń gbé lọ ṣọ́ọ̀ṣì," ni bàbá rẹ̀ wí.

Bọ́ọ̀sì ilé ìwé fọn fèrè. Orí itan ni Lorna ti tún ìwé náà kọ látòkè délẹ̀, bọ́ọ̀sì ń jó, lẹ́tà ń jó. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu géètì, Marlys wo ìsàlẹ̀ ìwé náà.

"Gbé bírò wá. Mo lè jẹ́ bàbá rẹ fún ìṣẹ́jú kan."

"Wọn ò tíì gbọ́ èyí."

"Wọn ò sì ní gbọ́, ibi tó dáa sí nìyẹn. La Crosse ńkọ́, òpè?"

Lorna wo bírò náà pẹ́. Ó wá ká ìwé rẹ̀. Nígbà tí Míìsì ń kó ìwé wọn jọ, Lorna sọ fún un pé kò sí ìbuwọ́lù, pé èyí tí bàbá òun gbọ́ kọ́ nìyí, pé bàbá òun kò gba ọ̀kan gbọ́ nínú ti tẹ́lẹ̀.

Míìsì Brandvold wò ó títí. "Mo máa wà níbí títí a ó fi ti ilé ìwé. Òfin ò yí padà."

Ní àkókò oúnjẹ ọ̀sán, ọkọ̀ Einar dúró níta. Ó wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ti ń jẹun pẹ̀lú bàtà rọ́bà tó ti fọ̀ ní ìwọ̀n tó lè mọ́ dé, fìlà lọ́wọ́, kúkúté pẹ́ńsù lẹ́bàá etí. Kò wọ ilé ìwé yẹn rí láti ìgbà tí òun fúnra rẹ̀ ti jáde níbẹ̀.

"O ní òní ni wọ́n ń gbà á," ló sọ fún Lorna. "Kà á."

Kò sí ẹ̀rọ tó ń hó níbẹ̀, ṣùgbọ́n Lorna kò mọ bí wọ́n ti ń kàwé fún bàbá rẹ̀ láìkígbe. Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọ́ ọ, títí kan Míìsì. Wọ́n gbọ́ ti pásítọ̀, àwọn kan rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbọ́ ti òróró màlúù. Búrẹ́dì Marlys dúró lágbedeméjì àwo àti ẹnu. Nígbà tó kan ọ̀bẹ lójú fèrèsé, Einar dé fìlà, ó tún ṣí i. Gbólóhùn tí Lorna fi parí rẹ̀ ni pé, láti ìgbà tí ìyá òun ti lọ, kò sí ẹni tó ń fetí sí ọ̀bẹ mọ́ nílé àwọn.

Einar gba ìwé náà, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri bí ẹni tó fẹ́ kọ ọjọ́ ìbí ọmọ màlúù. Ó kọ ọ́, ó buwọ́ lù ú, ó nà án sí Míìsì Brandvold, kì í ṣe sí Lorna. Míìsì kà á, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó sì fún Lorna kí òun náà kà á.

Ohun tó kọ ni pé: "Kò sí ẹni tó ń fetí sí i mọ́. Irọ́ ni. Èmi ń fetí sí i."

Nígbà tí Lorna gbójú sókè, Einar ti dé ẹnu ọ̀nà. "Kò burú," ló wí, ó sì lọ bá màlúù rẹ̀.

Lorna lọ sí La Crosse. Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kọ̀ọ̀kan láti ìgbà náà, ìgò ọ̀rá wàrà kan máa ń wà lẹ́nu ọ̀nà Míìsì Brandvold, kò sí ìwé, kò sí orúkọ. Ní ọjọ́ kejì ìgò òfìfo náà á ti wà níta, ó ti mọ́ tónítóní. Bó ṣe ń lọ nìyẹn títí Einar fi ta màlúù rẹ̀. Bí wọ́n bá pàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀rọ̀ òjò ni wọ́n ń sọ.

Lorna di tíṣà níbi tó jìnnà, níbi tí yìnyín kò ti bọ́ rí, ó sì fi òfin Míìsì kọ́ ọmọ ọlọ́mọ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ó ti di arúgbó báyìí. Búrẹ́dì tirẹ̀ náà a máa jó nídìí, kì í sì í jù ú nù. Á gbé e lọ sójú fèrèsé, á mú ọ̀bẹ, á ha á díẹ̀díẹ̀, ní ìwọ̀n tí ẹni tó bá wà lókèèrè lè gbọ́.