Àmín Orí Wásáàpù Àwọn Lánlọ́ọ̀dù

Àwọn lánlọ́ọ̀dù àdúgbò wa ní Egan kì í ka nǹkan kan jàre, àmín nìkan ni wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe.

Tíṣà Dáramọ́lá tó ti fẹ̀yìn tì ló máa ń kọ́ wa ní Gẹ̀ẹ́sì lórí Wásáàpù láràárọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn ọ̀rọ̀ tó parí sí "-cide" ló kàn, ó ní pípa ló wà nínú gbogbo wọn.

Lọ́jọ́ Ajé, ó kọ ọ́ pé: "Ẹ káàárọ̀ o. Patricide: kí ọmọ pa bàbá rẹ̀."

Alága wa, Àlàájì Múdàṣírù, fèsì: "Àmín, tọmọtọmọ wa!" Ni gbogbo wọn bá ń ṣe àmín tẹ̀ lé e.

Inú bí mi. Mo ní, "Ṣé orí yín pé ṣá? Ikú lẹ̀ ń ṣe àmín sí!" Wọ́n ní mi ò lẹ́kọ̀ọ́.

Lọ́jọ́bọ̀, tíṣà tún kọ ọ́: "Mariticide: kí ìyàwó pa ọkọ rẹ̀."

Ìyàwó rẹ̀, Màmá Agnes, tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì jù ú lọ, tí kì í sì í dá sí wa, ló kọ́kọ́ fèsì: "Àmín."

Láti ọjọ́ náà ni tíṣà ti ń ra ẹ̀wà jẹ níta.