Òdòdó Tó Ń Fẹ́ Òtútù

Ìyá ọkọ mi sọ ọ́ níwájú gbogbo wa lẹ́yìn tí bàbá ọkọ mi kú: ọjọ́ tí òdòdó bàbá bá tún tanná ni àwọn yóò kó lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Kó tó di ìgbà náà, kò sẹ́ni tó máa gbé àwọn kúrò nínú ilé yìí. Èmi ni mo ń tọ́jú wọn. Ilé iṣẹ́ aránṣọ tó fẹ́ gbà mí ní àwọn á di ààyè náà mú fún mi di ìparí oṣù kẹta. Ọkọ mi ní kí n ṣe sùúrù. Sùúrù kì í wẹ arúgbó, kì í sì í fọ aṣọ ibùsùn.

Ọdún méjì ni òdòdó náà, ọ́kíìdì inú ìkòkò, fi ń yọ ewé nìkan. Màmá kì í jẹ́ ká ṣí fèrèsé pálọ̀. Híítà tó ń mú ilé móoru nílùú òtútù yìí ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, èmi náà sì gbé ìkòkò òdòdó tì í, mo rò pé ooru ni yóò mú un tanná.

Ní oṣù kọkànlá, mo lọ bi ọkùnrin tó ń ta òdòdó ní òpópónà kejì. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní bí ọ̀sán bá tiẹ̀ móoru, òru gbọ́dọ̀ tutù, bíi dígíríì mẹ́rìndínlógún sí méjìdínlógún, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ó kéré tán, kó tó lè yọ ọ̀pá òdòdó.

"Ó ń jẹ, ó ń mu, ara tù ú," ó ní. "Kí ló máa bímọ fún? Ẹ jẹ́ kójú pọ́n ọn díẹ̀."

Mo gbé e lọ sí yàrá mi. Mo sọ fún Màmá pé ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ ló dára jù. Mo pa híítà ibẹ̀, mo ń ṣí fèrèsé díẹ̀ lálaalẹ́. Eyín mi ń lu ara wọn. Ọkọ mi gbé ìrọ̀rí rẹ̀, ó lọ sùn ní pálọ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ọ̀pá kékeré kan yọ lábẹ́ ewé. Nígbà tí oṣù kẹta fi máa wọlé, ìrudi márùn-ún tí kò tíì là ti wà lórí rẹ̀, wọ́n tóbi bí ẹ̀wà. Ayọ̀ kò jẹ́ kí n ronú. Mo gbé e lọ fi han Màmá. Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní kí n gbé e síbi híítà, kí àwọn lè máa rí i. Mo gbé e síbẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, mẹ́ta ti rọ, wọ́n ti já bọ́.

"Ó di ọdún tó ń bọ̀ nìyẹn," Màmá ní.

Mo ní, "Màmá, ooru yìí ló pa wọ́n. Mi ò mọ̀ pé ó lè ṣe é báyìí."

"Èmi mọ̀. Ta lo rò pé ó ń bá bàbá yín gbé e lọ sí yàrá tútù lọ́dọọdún?" Wọ́n fa aṣọ bo ẹsẹ̀ wọn. "Àjà kẹrin ni ilé ẹ̀gbọ́n ọkọ ẹ, àtẹ̀gùn nìkan ló sì wà níbẹ̀. Tí mo bá ti wọ ibẹ̀, gbígbé ni wọ́n á gbé mi jáde."

Àánú wọn ṣe mí, inú sì bí mi. Ọ̀kan ò pa ìkejì. Mo gbé ìkòkò náà pẹ̀lú ìrudi méjì tó kù, mo wọ yàrá mi, mo ti ilẹ̀kùn.

"Ìyàwó, gbé òdòdó mi wá."

Mo gbọ́. Mo fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn náà. Mi ò jáde; mo lọ ṣí fèrèsé díẹ̀.