Ohun Tí Gàzálì Sọ Gan-an

Nígbà tí àwọn apààyàn lé Gàzálì àti ìyàwó rẹ̀ kúrò ní abúlé wọn lókè Ọya, Omifunfun, abúlé wa, ni ẹsẹ̀ gbé wọn dé. Bàbá Ilésanmí, àgbẹ̀ oníkòkó, ló gbà wọ́n sílé. Ó kó kòkó rẹ̀ kúrò nínú yàrá kan fún wọn, ó sì fún wọn nílẹ̀ láti gbin ẹ̀gẹ́.

Ọdún kejì ni Báyọ̀, oníṣẹ́ fíìmù kan, gbé kámẹ́rà dé láti Òrè. Ó ní òun fẹ́ fi inúure wa ṣe fíìmù. Bàbá pa adìyẹ méjì fún un. Haúsá ni Gàzálì fi sọ tirẹ̀, torí Yorùbá ò tíì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi kan, Báyọ̀ fi fíìmù náà hàn wá lára ògiri nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Bí Gàzálì ti ń sọ̀rọ̀ ni ohùn ẹlòmíràn ń túmọ̀ rẹ̀: "Yàrá kòkó ni wọ́n jù wá sí. Bí ẹrú ni wọ́n ń lò wá."

"Aláìmoore!" ni ẹnì kan kígbe.

Ariwo ta. Bàbá wọ́ Gàzálì jáde. Àwọn kan sáré lọ da ẹrù rẹ̀ síta, wọ́n fọ́ ìkòkò ìyàwó rẹ̀.

Tíṣà ni mí níbẹ̀. Zaria ni mo dàgbà sí, mo gbọ́ Haúsá. Mo sáré tẹ̀ lé wọn, mo pariwo: "Bàbá, ẹ fi í sílẹ̀! Irọ́ ni ìtumọ̀ yẹn! Ohun tó sọ ni pé ẹ kó kòkó yín síta kóun lè ríbi sùn. Ó ní bàbá òun ni yín!"

Bàbá tú u sílẹ̀. Mo yíjú sí Báyọ̀. Fóònù rẹ̀ ló nà sókè, ó ń ya ìyàwó Gàzálì tó ń ṣa àfọ́kù ìkòkò.

"Tíṣà, ẹ má bínú. Ta ló máa wo fíìmù tí kò níjà?"

"O jẹ adìyẹ wọn, o wá dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn! Ojú ò tì ọ́?"

Àwọn ará abúlé lé e lọ. Ṣùgbọ́n ta ló ní kí wọ́n gba ògiri gbọ́, nígbà tí ẹni tó ni ọ̀rọ̀ jókòó sáàárín wọn?

Bàbá di Gàzálì lọ́wọ́ mú. "Ọmọ mi, dárí jì mí."

Gàzálì wá Yorùbá díẹ̀ tó mọ̀. "Bàbá, ẹ ò bi mí léèrè."

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀kadà gbé òun àtìyàwó rẹ̀ lọ sí Ajue, abúlé mìíràn nítòsí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Bàbá ti lọ bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ń kí i dáadáa, wọ́n ń fún un lómi, ṣùgbọ́n wọn ò padà.