Káàdì Anthony Zepeda

Ọdún mẹ́ta gbáko ni Mákánjúọlá fi wá káàdì kan ṣoṣo. Gbogbo káàdì baseball ọdún 1974, tí wọ́n tẹ fọ́tò àwọn agbábọ́ọ̀lù sí, ló ti kó jọ tán, ó ku ti Anthony Zepeda. Àwọn olókìkí kò ṣòroó rí. Tọmọdé tàgbà ló ń tọ́jú tiwọn. Ṣùgbọ́n ta ni yóò tọ́jú ti Zepeda? Kò mọ bọ́ọ̀lù ú gbá. Tó bá ti gbé igi dúró, àwọn òǹwòran a dìde lọ ra bíà. Shortstop ni, ẹni tí ń ṣọ́ àlàfo tí bọ́ọ̀lù máa ń gbà sá lọ, ibẹ̀ nìkan ló sì ti mọṣẹ́.

Ní Sátidé kan lọ́dún 1984, Mákánjúọlá ti ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní refinery epo yà sí gbọ̀ngàn kan ní Pasadena, lẹ́bàá Houston, tí wọ́n ti ń ta káàdì. Ó rí ti Zepeda lábẹ́ òkìtì àwọn tí kò níyì. Bó ṣe mú un báyìí, ọwọ́ mìíràn gbá etí kejì mú. Ìyá arúgbó kan ni.

"Mama, èmi ni mo kọ́kọ́ rí i."

"Mo mọ̀. Má fà á, ó máa ya."

Kò sẹ́ni tó jọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹni tó ń tà á ń wò wọ́n.

"Ọmọ mi ni," ìyá náà wí. "Ó ti kú. Ìjì èṣí gbé omi wọlé mi, ó kó gbogbo fọ́tò rẹ̀ lọ."

Ẹnìkan ti fi irú ọ̀rọ̀ yìí gba káàdì lọ́wọ́ Mákánjúọlá rí. Ó tún di ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ mú ṣinṣin.

"Gbé àtàǹpàkò rẹ kúrò," ni ìyá náà wí. "Wàá rí àpá lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀. Orí àga ló ti já bọ́ ní kíṣìnnì mi."

Ó rọra gbé e kúrò. Àpá náà rèé, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú.

Mákánjúọlá fi káàdì sílẹ̀. Ìyá náà sanwó rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ àyà, ó ń lọ.

"Mama, ẹ dúró! Mo rí ọmọ yín lórí pápá nígbà kan. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Houston ni, mi ò tíì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Bọ́ọ̀lù ń bọ̀ bí ọta ìbọn, ọmọ yín fò, ó fàyà balẹ̀, ó hán an. Orí ìkúnlẹ̀ ló ti jù ú. Èmi tí mi ò mọ nǹkan kan, mo dìde, mo ń pariwo!"

Ìyá náà padà, ó fa àga, ó jókòó.

"Ibi iṣẹ́ ni mo wà lọ́jọ́ yẹn," ó ní. "Sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Má kánjú."