Irin Àdìmú fún Àtẹ̀gùn Márùn-ún

2.

…bẹ́ẹ̀ ni mo ju àlùmọ́gàjí sílẹ̀, tí mo jó yí ẹ̀rọ ìránṣọ mi ká. Èmi télọ̀, ọdún mọ́kànlélógún nídìí abẹ́rẹ́, mo fẹ́ ra ẹ̀rọ ìjórin!

3. ÌWÉ TÍ MO LẸ̀ MỌ́ ÒGIRI

Màmá ń ti ilé ìwòsàn bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé.
Àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà wa: márùn-ún.
Ibi tí Màmá ti ṣubú: ìkẹta.
Ohun tó rí dì mú lọ́jọ́ náà: afẹ́fẹ́.

4. LÓRÍ FÓÒNÙ

ÈMI: Ẹ̀gbọ́n mi, irin àdìmú yẹn, èmi ni màá jó o.
Ẹ̀GBỌ́N: Abẹ́rẹ́ ò tó ọ mọ́?
ÈMI: Abẹ́rẹ́ ò ṣe é dì mú.
Ẹ̀GBỌ́N: Tó bá já ńkọ́? Ìyá kan ṣoṣo la ní o.
ÈMI: Ìdí ẹ̀ gan-an nìyẹn.
Ẹ̀GBỌ́N: Ó dáa. Tí irin yẹn bá fi lè mì pẹ́nrẹ́n, ọ̀dọ̀ mi ni Màmá máa gbé. Mi ò níí pa ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ gan-an tí mo bá gbé e dé.

5. Ẹ̀RỌ MẸ́TA

(Bàbá Jórinjórin, ará ojúlé kejì tó ti fẹ̀yìn tì, ló ṣàlàyé wọn. Èmi ni mo kì wọ́n.)

Ẹ̀rọ ọ̀pá. Iná ń yọ́ ọ̀pá ìjórin sójú irin. Ẹ̀wù ara ọ̀pá ń di èéfín tó ń dáàbò bò ó.

  Akíkanjú inú ìpẹtà,
  a-tutọ́-iná-bí-ẹni-ń-jà,
  ọwọ́ rẹ gbọ̀n, ó lẹ̀ mọ́ irin
  bí àlejò tí ò fẹ́ relé.

Ẹ̀rọ abẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ kì í yọ́. Ọwọ́ kan di iná, ọwọ́ kejì ń fi irin bọ́ ọ.

  Arẹwà, afínjú,
  ó rí ìpẹtà, ó bínú.
  Ẹni tó ń kánjú ò gbọdọ̀ fẹ́ ẹ.

Ẹ̀rọ wáyà. O tẹ̀ ẹ́, wáyà ń jáde fúnra rẹ̀, gáàsì ń bo iná.

  Ẹ̀rọ ìránṣọ tí òwú rẹ̀ jẹ́ irin!
  Olólùfẹ́!

(Èyí kúrú. Mo ti ń sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù.)

6. NÍ ṢỌ́Ọ̀BÙ

BÀBÁ: Gáàsì yẹn ló ń ṣọ́ irin tó ń yọ́. Àmọ́ o, ọmọ mi…
ÈMI: Bàbá, ẹ wo bó ṣe ń tú wáyà! Bí òwú!
BÀBÁ: Mo ní àmọ́ o. Ohun a bá fẹ̀sọ̀ mú…
ÈMI: Kì í bàjẹ́! Mo mọ̀ ọ́n, Bàbá. Ẹ bá mi gbé e!

7. ỌJỌ́BỌ̀, ẸNU Ọ̀NÀ

Ìbòjú. Ìbọ̀wọ́. Ẹ̀wù awọ. Oòrùn lórí gbogbo rẹ̀. Òógùn bo ojú mi, mi ò rí ibi tí mò ń jó. Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀, mo gbàdúrà: Olúwa, fẹ́ afẹ́fẹ́ díẹ̀ sí ọmọ rẹ lára.

8.

Ó fẹ́.

9.

Mo ṣí ìbòjú. Ojú ibi tí mo jó: ihò, ihò, ihò. Bíi kànrìnkàn.

10.

BÀBÁ: Ta ló fẹ́ gáàsì rẹ lọ?
ÈMI: …Àdúrà mi ni.
BÀBÁ: Háà! Ìwọ ni ká máa rán sí Ọlọ́run!

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó.

BÀBÁ: “Àmọ́ o” tí mo ní ní ṣọ́ọ̀bù nìyẹn. Gáàsì ni ẹ̀ṣọ́. Afẹ́fẹ́ gbá ẹ̀ṣọ́ lọ, olè wọlé. Wáyà mìíràn wà tó gbé oògùn tirẹ̀ sínú; ẹ̀rọ rẹ yìí lè lò ó láìsí gáàsì. Yí okùn iná méjèèjì padà bí ìwé ẹ̀rọ ṣe wí. Ìdàrọ́, ìdọ̀tí irin yíyọ́, á bò ó. Má bẹ̀rù, gbá a dànù.

7. LẸ́Ẹ̀KAN SÍ I. ẸTÌ.

Mo ti lọ gbogbo ihò dànù. Wáyà tuntun. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Kó máa fẹ́!

Mo fi òòlù gbá ìdàrọ́. Ó ṣí bí èèpo. Lábẹ́ rẹ̀, ìlà kan, ó tò bí ìpẹ́ ẹja. Mo pariwo. Ajá àdúgbò dá mi lóhùn.

11. ÌDÁNWÒ

Bàbá gbá a. Ó dún.
Bàbá gbé gbogbo ara lé e. Ó dákẹ́.
BÀBÁ: Èmi ti sọ tèmi. Ó ku ẹni tó ni ín.

12. SÁTIDÉ

MÀMÁ: Ta ló jó èyí?
ÈMI: Èmi ni, Màmá.
MÀMÁ: Ìwọ tó rán ọrùn aṣọ mi pa?
Ẹ̀GBỌ́N: Màmá, ẹ di ọwọ́ mi mú. Mi ò tíì pa ẹ́ńjìnnì ọkọ̀.

Ìkíní.

Ìkejì.

Níbi ìkẹta, ó dúró. Ó jọ̀wọ́ ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi.

Ó di irin mú.

Afẹ́fẹ́ fẹ́. Irin ò mì.